Ọwọ́ Ni Kí A Bẹ̀rù, Kì Í Ṣe Ìjókòó

Àwọn àgbà kìlọ̀ fún wa pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe yìí ni ó ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti gbogbo ènìyàn bá délẹ̀, ìbáà ṣe ní Ìsánlú, tíí ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìbáà ṣe ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire. Ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn wa, ó sì yẹ kí ẹ̀rù bà wọ́n, nítorí kòkòrò àrùn kò jìnnà sí irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kọ́ ni ó ń pa wọ́n. Ìjókòó ni wọ́n ń sá fún. Ọwọ́ ara wọn, tí ó ń gbé àrùn wọ inú oúnjẹ, ni wọn kò náání.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí. Orúkọ àìsàn kan wà tí ó ti di mímọ̀ fún tọmọdé tàgbà ní orílẹ̀-èdè wa, èyí tí wọ́n ń pè ní “tọ́ílẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n”. Bí ojú ara bá ń yún obìnrin, bí nǹkan bá ń dà lára rẹ̀, tàbí bí ó bá ń tọ̀ tí ó ń ta á, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sọ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó lò ní ilé ìwé, ní ọjà tàbí ní ibùdókọ̀ ni ó ti kó o. Àwọn tí ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ èrò ń fi orúkọ náà tajà, àwọn tí ń ta oògùn ní kẹ́míìsì sì ń fi í gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ojú ń tì láti lọ rí dókítà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ìṣègùn kò mọ àrùn kan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Awọ ara tí Ọlọ́run fi bo itan àti ìdí ènìyàn jẹ́ apata tí kòkòrò kì í sábà rí gbà kọjá níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí egbò níbẹ̀. Kòkòrò àtọ̀sí kì í pẹ́ kú bí ó bá ti kúrò lára ènìyàn. Kòkòrò HIV kì í sì í ràn láti orí ìjókòó. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ń fa ojú ara yíyún, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Candida, inú ara obìnrin fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, tàbí tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ó bá ń lo àwọn oògùn apakòkòrò láìnídìí, ni ó máa ń rí ààyè pọ̀ sí i. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Kí ni àṣìṣe yìí ń bà jẹ́? Ó ń ba nǹkan púpọ̀ jẹ́. Obìnrin tí ó ní Candida yóò lọ ra oògùn apakòkòrò, oògùn náà yóò sì sọ ọ̀ràn náà di ńlá. Èyí tí ó kó àtọ̀sí láti ara ọkọ rẹ̀ yóò máa dá ṣáláńgá lẹ́bi, ọkọ kò ní gba ìtọ́jú, àrùn náà yóò sì tún padà bá a. Ọmọbìnrin tí ó wà ní ilé ìwé kò ní mu omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán nítorí kí ó má baà tọ̀, yóò sì pa ìtọ̀ mọ́ra títí tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi gba àrùn ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá sì gòkè dúró lórí ìjókòó nítorí kí ara rẹ̀ má baà kàn án, ìtọ̀ ni yóò dà sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n bá rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú igbó ni wọn yóò gbà lọ, wọn yóò ní igbó mọ́ ju ilé lọ. Ẹni tí ó ṣu sọ́nà, eṣinṣin ni yóò bá níbẹ̀ nígbà àbọ̀.

Ibo ni ewu náà wà gan-an? Ó wà ní ọ̀nà tí ó ti ìdí dé ẹnu. Àwọn àrùn bí onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìgbẹ́ gbuuru àti àwọn aràn kan, ìgbẹ́ ẹni tí ó ní wọn ni wọ́n ń bá jáde, ẹnu ẹni tí kò ní wọn ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Ìgbẹ́ tí kò tó orí èékánná lè ru ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún kòkòrò, ojú kò sì lè rí ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kò ní ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi rìn. Omi lè gbé wọn, eṣinṣin lè gbé wọn, ọwọ́ ènìyàn náà sì ń ru púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọkùnrin kan lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó nu ìdí tán, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó jáde, ó fún ẹni tí ń gbowó ní náírà, ó gbọ́ fóònù, ó ra àkàrà, ó sì fi ọwọ́ kan náà jẹ ẹ́. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e di ọwọ́ ilẹ̀kùn kan náà mú. Ẹni tí ń gbowó fi náírà náà ṣe ṣẹ́ńjì fún ìyá kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n, ìyá náà sì fi ìka rẹ̀ kan ọmọ lẹ́nu kí ẹkún rẹ̀ lè dá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó jókòó sórí ohun tí ẹlòmíràn jókòó lé, síbẹ̀ àrùn ti ṣe ìrìn àjò láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́rin.

Charles Gerba, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Arizona ní Amẹ́ríkà, ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ yíyẹ àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná wò fún kòkòrò. Ohun tí ó rí ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: kànìnkànìn tí a fi ń fọ abọ́ àti pákó tí a ń gé ẹran lé lórí sábà máa ń ní kòkòrò ju ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, fóònù alágbèéká náà kò sì gbẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ènìyàn ń fọ ìjókòó nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọn kì í fọ ohun tí wọn kò bẹ̀rù. Àwọn onímọ̀ tún ti rí i pé kòkòrò tí ń fa àrùn gágá lè wà láàyè fún ọjọ́ kan sí méjì lórí irin àti ike, àti pé norovirus, èyí tí ń fa èébì òun ìgbẹ́ gbuuru, lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ ju èyí lọ.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilẹ̀ Okun, kí ó rántí ọdún 2017. Ní àárín ọdún náà, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Okoloke àti Okunran ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, tí ó pààlà pẹ̀lú tiwa. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti inú rírun ni àmì rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé àwọn tí ó kú lé ní 60, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìpayà ńlá dé, àwọn ènìyàn fura sí ibà Lassa, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe òun. Àìsàn inú ni àwọn onímọ̀ wá tọ́ka sí. Ìyá tí ó sin ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ yóò pe àìsàn náà. Ohun tí yóò wù ú láti mọ̀ ni bí kì bá tí wọ ilé rẹ̀.

Ní ọdún 2021, onígbáméjì jà káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tí a fura pé ó mú lé ní 100,000, àwọn tí ó pa sì lé ní 3,500. Ní ọdún kan náà ni ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí omi àti ìmọ́tótó fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 48 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí ni ó ń yàgbẹ́ ní gbangba. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ya ìṣirò méjèèjì yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà pé ìdọ̀tí kì í pa aláwọ̀ dúdú. Irọ́ gbáà ni. Ìdọ̀tí ń pa aláwọ̀ dúdú, àwọn tí ó ti pa kò sì sí láyé mọ́ láti wá jẹ́rìí.

Bí ọwọ́ bá ni ẹlẹ́ṣẹ̀, ọwọ́ náà ni olùgbàlà. Ní ọdún 1847, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis wà ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Vienna. Ó rí i pé àwọn aboyún tí àwọn dókítà ń gbẹ̀bí fún ń kú ju àwọn tí agbẹ̀bí ń tọ́jú lọ, ó sì ṣàkíyèsí pé láti ara òkú tí àwọn dókítà ń là láti fi kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń lọ fọwọ́ kan àwọn ìyá náà. Ó pàṣẹ kí gbogbo wọn kọ́kọ́ wẹ ọwọ́ nínú omi tí a fi èròjà klórínì sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, bí 18 nínú 100 àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni ó kú. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa dé, kò ju bí 2 lọ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ni ó ń pa ènìyàn.

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó àtijọ́ nìkan ni èyí, ẹ wo ìlú Karachi ní Pakistan, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí láàárín àwọn tálákà, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Wọ́n pín ọṣẹ fún àwọn ilé kan, wọ́n sì kọ́ wọn bí a ti ń wẹ ọwọ́. Nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 dín kù ju ìdajì lọ, òtútù àyà wọn sì dín ní ìdajì. Ọṣẹ lásán tí ẹnikẹ́ni lè rà ṣiṣẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ọṣẹ olówó gọbọi tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa tí a ní ọṣẹ dúdú láti ayébáyé.

Ọwọ́ wíwẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn bàbá wa ni wọ́n sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Àwọn náà ni wọ́n ní ọ̀tún ni a fi ń wẹ òsì, tí a sì fi ń fi òsì wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ lè baà mọ́. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti wọ inú rẹ̀ tí ó yẹ kí a tún ṣe. Níbi ìnáwó àti nínú ilé, omi inú abọ́ kan ṣoṣo ni ènìyàn mẹ́wàá ń ki ọwọ́ bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni àkọ́kọ́ wẹ ọwọ́. Ẹni ìkẹwàá fi ọwọ́ gba ìdọ̀tí àwọn mẹ́sàn-án tí ó ṣáájú rẹ̀. Bùtá tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá sàn ju abọ́ náà lọ, nítorí omi tí a dà sórí ọwọ́ yóò gbé ìdọ̀tí lọ sílẹ̀, kò ní padà. Kí Kìrìsìtẹ́nì òun Mùsùlùmí jùmọ̀ gba ọgbọ́n yìí sínú ilé wọn.

Bí a ti ń ṣe é kò le. Kí a da omi sọ́wọ́, kí a fi ọṣẹ pa á, kí a fi ọwọ́ ra ara wọn ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná, kí a sì máa ka oókan títí dé ogún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí a tó ṣan án. Lẹ́yìn èyí, kí ọwọ́ gbẹ nínú afẹ́fẹ́ tàbí lára aṣọ tí ó jẹ́ tẹni nìkan. Aṣọ ìnuwọ́ tí gbogbo oníbàárà búkà ń nu ọwọ́ sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í ṣe ohun ìmọ́tótó rárá. Ìgbà márùn-ún ni kò yẹ kí a gbàgbé: lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn tí a bá nu ìdí ọmọ, kí a tó se oúnjẹ, kí a tó jẹun, àti kí a tó fún ọmọ ní oúnjẹ tàbí ọmú. Oje ìpawọ́ tí ń sá lójú ọwọ́, tí a ń rà nínú ìgò kékeré, wúlò nígbà tí omi kò bá sí nítòsí, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn norovirus, kò sì lè gba ipò ọṣẹ bí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́.

Ní ti àwọn nǹkan tí gbogbo ọwọ́ ń kàn, kí a máa fi omi àti ọṣẹ nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹnu ẹ̀rọ omi, irin tí a fi ń ṣan omi sí ṣáláńgá, ojú fóònù àti bọ́tìnnì ẹ̀rọ POS, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣu tàbí bì sílẹ̀, kí a kọ́kọ́ kó o kúrò, kí a fọ ibẹ̀, kí a tó fi jíìkì tí a ti bomi là sí i. A kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe po jíìkì pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí èéfín tí yóò jáde lára wọn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ìjókòó bá ní ọmọrí, kí a pa á dé kí a tó ṣan omi, kí omi má baà ta kòkòrò káàkiri.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ènìyàn wa kò lè yí padà. A kò gbà. Ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ ìlú Èkó, kò pẹ́ tí garawa elẹ́nu ẹ̀rọ fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn ni ó kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tí ó dá aláìsàn àkọ́kọ́ dúró sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Kò pẹ́ tí àwọn garawa náà fi pòórá. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 dé, wọ́n tún padà wá. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, àwọn náà tún lọ. Ó hàn gbangba pé a mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Ìbẹ̀rù ni a fi ń ṣe é, a kò fi òye ṣe é, nítorí náà kì í tọ́jọ́.

Ìbẹ̀rù tí kò ní òye nínú lè tilẹ̀ fúnra rẹ̀ di ewu. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 kan náà, àhesọ kan tàn kálẹ̀ ní òru ọjọ́ kan pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí Ebola má baà mú wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde lóru, wọ́n mu ún, ó sì gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn. Omi tí wọ́n fi po iyọ̀, ìbá jẹ́ pé wọ́n fi wẹ ọwọ́, ìbá ṣe wọ́n láǹfààní. Ìwà kan náà ni ti ẹni tí ó tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí ìjókòó kí ó tó jókòó, tí ó sì jáde láìwẹ ọwọ́.

Àwọn àgbà tí ó wà ní Ìsánlú lónìí rántí àwọn wolé-wolé, tí ìjọba ìgbà náà ń rán kiri láti yẹ ìkòkò omi, àgbàlá àti ṣáláńgá wò. Bí ìlú bá ti gbúròó wọn, gbígbá bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá, ààtàn tún padà sí ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí ìyàgbẹ́ ní gbangba kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà títí di ọdún 2025. Ọdún 2025 dé, ìyàgbẹ́ gbangba kò kásẹ̀ nílẹ̀. Àṣẹ tí kò bá omi àti ọṣẹ rìn, bébà lásán ni.

Síbẹ̀, àwọn kan ti ṣe é. Obanliku ní Ìpínlẹ̀ Cross River ni ìjọba ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìyàgbẹ́ gbangba ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 2022, Jigawa di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ wá létí dáradára: ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ni a dá Jigawa àti Kogí sílẹ̀. Ilẹ̀ Jigawa gbẹ ju tiwa lọ, òjò rẹ̀ kò tó tiwa. Bí ìbejì kan bá ti ń rìn, tí èkejì ṣì ń rákò, ó yẹ kí àwọn òbí béèrè ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè fún Ìsánlú kò pọ̀, kò sì kọjá agbára. Èkíní, kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà fi òfin kan lélẹ̀ fún gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń gbowó lẹ́nu rẹ̀, ní ọjà àti ní ibùdókọ̀: bí kò bá sí omi àti ọṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀. Òfin yìí kò nílò wolé-wolé, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó fẹ́ lo ibẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ọ̀nà tí ó gba Kàbà àti Mọ̀pà wá sí Ìsánlú, tí ó sì lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìlọrin, ń kó àwọn àlejò wọ ìlú lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ wọn gbé wá, àwa ni yóò kù fún, ohun tí wọ́n bá sì kó lọ́dọ̀ wa, wọn yóò gbé e délé.

Èkejì, kí àwọn olùkọ́ má ṣe ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé pa nítorí kí ó lè mọ́. Ilé tí a tì pa kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin pé ìjókòó kò ní kó àrùn ràn wọ́n, pé kí wọ́n mu omi, kí wọ́n má pa ìtọ̀ mọ́ra, kí wọ́n sì máa nu ara láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, kí Kábíyèsí Agbánà àti àwọn ìjòyè, àwọn àlùfáà, àwọn lémọ́ọ̀mù àti àwọn ìyálọ́jà fi ọ̀rọ̀ yìí kún ohun tí wọ́n ń bá àwọn ènìyàn sọ. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọmọ Ìsánlú tí ó wà ní Èkó, Abuja àti ní òkè òkun rántí pé kànga kan tí ó ń yọ omi lẹ́bàá ọjà níye lórí ju ayẹyẹ kan lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé omi ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kéègì kékeré kan tí a lu ihò sí lọ́rùn, tí a so kọ́ orí igi, tí a sì so okùn mọ́ láti máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò wẹ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí omi inú rẹ̀ tó tán, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì ní kàn án. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń lò ó ní àwọn abúlé Zimbabwe. Bí ọṣẹ bá wọ́n, kí a po ìyẹ̀fun ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ mọ́ omi nínú ìgò, yóò pẹ́ kí ó tó tán, kò sì sí ẹni tí yóò jí i bí wọ́n ti ń jí ọṣẹ lódindi. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò lówó fún èyí, kí ó ṣírò iye tí ó ná lórí oògùn ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá.

Ìkíni tí àwọn ará Ìsánlú àti gbogbo àwọn ìbátan wọn fi ń kí ara wọn, Okun, ni ó fún wọn lórúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí. Agbára àti àlàáfíà ni ẹni tí ń kíni ń fẹ́ fún ẹni tí ó ń kí. Kò bójú mu kí ẹnu máa fẹ́ àlàáfíà fún aládùúgbò, kí ọwọ́ sì máa gbé àrùn fún un. Ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun sísá fún ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí a gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọdé mọ ọwọ́ wẹ̀, kí àgbà náà sì mọ ọn wẹ̀, kí a lè jọ jẹun pẹ́.